Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣòfin àpapọ̀: ẹ bo àṣírí ilé, ẹ ṣí ìwé owó

Sí Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, sí Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin, àti sí gbogbo ẹ̀yin aṣòfin wa ní Àbújá,

Ẹ̀yin ọlọ́lá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mi ò ní jẹ́ kí ìkíni gùn, torí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀.

Òfin ìkọ̀sílẹ̀ tí à ń lò fún ìgbéyàwó alárédè ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Ìjọba ológun ló ṣe é lọ́dún 1970, òun ni àwọn lọ́yà ń pè ní Matrimonial Causes Act. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sì gbé e lé ẹ̀yin nìkan lọ́wọ́: nọ́ńbà 61 ni, nínú àkójọ àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ilé aṣòfin Èkó kò lè fọwọ́ kàn án, ti Ọ̀yọ́ kò lè fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, abala tó sọ bí kóòtù yóò ṣe pín ohun-ìní tọkọtaya ṣì wà bí àwọn ológun ṣe fi í sílẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní sí òfin náà kò ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó yẹ kó wà ní bòńkẹ́lẹ́ ni kóòtù wa ń tú síta, ohun tó yẹ ká tú sórí tábìlì adájọ́ ni wọ́n sì ń jẹ́ kó fara pamọ́. Ọ̀rọ̀ yàrá, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, orúkọ ọmọ, gbogbo ìlú á gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n fi orúkọ dírẹ́bà rà, ìpín nínú iléeṣẹ́, owó tó wà ní báńkì òkèèrè, adájọ́ gan-an kò ní gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa

Ọdún 1979 làwọn òbí mi ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi ń ta léèsì ní Balógun, bàbá mi ní tírélà kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n fi máa dé kóòtù lọ́dún 2001, tírélà ti di mẹ́rìnlá, wọ́n ti kọ́ ilé epo, ilé wà l'Ékòó, ilẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ilé kan sì wà ní London. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà yẹn, mo wà ní SS2, nílé ẹ̀kọ́ tí à ń gbé.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi jẹ́rìí, akọ̀ròyìn kan wà níjòókòó ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ìwé ìròyìn kan fi gbé e jáde: oyún méjì tó bà jẹ́ lára ìyá mi, orúkọ àìsàn tí dókítà sọ, ohun tí bàbá mi pè é lójú àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Orúkọ àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ilé ìwé wa tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin kan kà á sókè nínú yàrá wa lẹ́yìn tí wọ́n ti paná. Tọ́ọ̀ṣì ló fi kà á. Nígbà tó kan orúkọ àìsàn yẹn, kò mọ̀ ọ́n pè, ó ní kí n wá bá òun pè é.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ra ẹ̀pà lẹ́nu gẹ́ètì. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tú bébà tí wọ́n fi wé e, ojú ìyá mi ni mo rí. Òróró ẹ̀pà ti mu fọ́tò náà dé àgbọ̀n. Mi ò lè sọ ọ́ nù sílẹ̀ kí ẹlòmíràn máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mi ò sì lè mú un délé. Inú ìwé Bíọ́lọ́jì mi ni mo fi í sí. Ó wà lọ́wọ́ mi títí di òní.

Ẹjọ́ náà gba ọdún márùn-ún. Ní ìparí, kóòtù ní kí bàbá mi máa fún ìyá mi lówó oúnjẹ lóṣooṣù. Nínú gbogbo ilé yẹn, wọn ò fún un ní ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan. Ilé London kò sí nínú ìwé ẹjọ́ rárá, torí orúkọ iléeṣẹ́ kan ni wọ́n fi rà á, bàbá mi sì búra pé òun kò mọ iléeṣẹ́ náà rí.

Mo bi bàbá mi léèrè nípa rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ kò yá mọ́ tí èmi sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní: "Ọmọ mi, ṣé kí n wá dìde níwájú akọ̀ròyìn, kí n máa ka iye ilé tí mo ní? Ṣé o rò pé adigunjalè kì í ka ìwé ìròyìn ni?" Mi ò gbà pé gbogbo ìdí rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ òótọ́ wà nínú rẹ̀, mo sì ti ń rò ó láti ọjọ́ náà. Iṣẹ́ aṣírò owó ni mò ń ṣe báyìí, àwọn lọ́yà a sì máa pè mí kí n bá wọn wá ibi tí ohun-ìní wọlé sí. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ yẹn, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin púpọ̀, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin tó lówó náà. Ẹni tí kóòtù kò bò láṣírí kò ní sọ òótọ́ fún kóòtù. Ẹ̀yin ọlọ́lá, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tún ṣe ti bẹ̀rẹ̀.

2. Òfin tó yẹ kó bò wá wà, ó kàn ń sùn ni

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe òfin 1970 kò ronú kan ìtìjú. Abala 108 sọ ohun tí akọ̀ròyìn lè gbé jáde nínú ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀: orúkọ àti iṣẹ́ àwọn tó ń ṣẹjọ́, kókó ẹ̀sùn ní ṣókí, àríyànjiyàn lórí òfin, àti ìdájọ́. Ẹ̀rí tí ẹnì kan jẹ́ kò sí lára rẹ̀. Abala 103 gba adájọ́ láyè láti ní kí èrò jáde bó bá rí ìdí pàtàkì. Ìwé òfin ìpìlẹ̀, ní abala 36, gbà kí kóòtù ti ilẹ̀kùn nítorí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn tó ń ṣẹjọ́, abala 37 sì dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà àti ilé rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 tún ní ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀.

Gbogbo ìwọ̀nyí wà lórí ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ ẹ̀rí ìyá mi jáde, àfi Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé nìkan. Ta ni wọ́n mú? Láti bí ogún ọdún tí mo ti ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́, mi ò tíì rí ẹnì kan tí wọ́n gbé dé iwájú adájọ́ nítorí abala 108. Bébà ìgbà yẹn a máa gbó, wọ́n á fi wé ẹ̀pà, òjò á pa á. Lóde òní, akọ̀wé kóòtù kan lè fi fóònù ya ìwé ìbúra rẹ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti yí gbogbo WhatsApp ká. Ọmọ tó wà lọ́mú lónìí á rí i kà lọ́jọ́ tí òun náà bá fẹ́ ṣe ìdána.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ti gba irú òfin yìí ṣe tiwọn lọ́dún 1926, nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn London ń fi ọ̀rọ̀ ibùsùn àwọn ọlọ́lá ṣe ọjà tà débi pé ọba fúnra rẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti rí i pé ẹ̀rí inú ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kì í ṣe ọjà.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún níbí: ẹ jẹ́ kí abala 108 dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fún un ní eyín tó lè bù ẹni tó bá rú u jẹ. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé ẹ̀rí tó bá kan ara ènìyàn, àìsàn, tàbí ọmọ, yàrá adájọ́ ni wọn yóò ti gbọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un. Kí orúkọ ọmọ má hàn nínú ìwé ẹjọ́ kankan. Kí fáìlì ìkọ̀sílẹ̀ wà lábẹ́ àgádágodo, kí ẹni tó bá ṣí i fọwọ́ sí ìwé pé òun ló ṣí i.

Ìdájọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jáde o. Mi ò sọ pé kí wọ́n bo ìdájọ́. Lára ìdájọ́ ni àwọn lọ́yà àti àwọn ìyàwó mìíràn ti ń mọ ohun tí òfin wí. Kí wọ́n yọ orúkọ kúrò, kí wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ rọ́pò rẹ̀, ó tán.

3. Ẹ má fi dandan mú wa ta ẹrẹ̀ síra wa

Abala 15 ní kí ẹni tó fẹ́ kọ ẹnì kejì fi hàn pé ìgbéyàwó náà ti túká kọjá àtúnṣe, ó sì to àwọn ọ̀nà tó lè gbà fi hàn án: àgbèrè, ìwà tí ara kò lè gbà, pípa ilé tì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kejì sílẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì bí ẹnì kejì kò bá lòdì sí i, tàbí ọdún mẹ́ta bó bá lòdì. Olówó tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ń dúró de ìpín kì í lè dúró ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, ẹrẹ̀ ni wọ́n máa ń tà síra wọn. Mo ti rí ìwé ẹ̀sùn tó gùn tó ogójì ojú ewé, tí ojú ewé méjì péré sọ̀rọ̀ nípa ohun-ìní.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi irú èyí sílẹ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022, tọkọtaya lè sọ pé ìgbéyàwó àwọn ti parí, kóòtù kò sì ní bi wọ́n pé ta ló jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tó jẹ́ olórí ìjọ nínú yín. Mi ò ní bá yín jà lórí èyí. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀bi ṣì wà nínú òfin, ẹ jẹ́ kó wà nínú àpòòwé tí adájọ́ nìkan máa ṣí.

4. "Rìsíìtì dà?"

Abala 72 gba kóòtù láyè láti pín ohun-ìní tọkọtaya bó bá ṣe tọ́ tó sì yẹ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ ohun tí adájọ́ yóò fi wọn títọ́ àti yíyẹ, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà.

Ìyá mi ní ìwé kan tí ó ń kọ ọjà àwìn sí, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ó ti bó létí. Orúkọ àwọn oníbàárà ló pọ̀ jù níbẹ̀: ìyàwó kọmíṣánnà kan jẹ léèsì márùn-ún, ìyá ọlọ́jà kan ti san ààbọ̀. Láàrin wọn, lọ́dún 1983, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Daddy, owó ẹ́ńjìnnì tírélà kejì." Ó kọ iye owó náà síwájú rẹ̀, ó sì fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní kóòtù, lọ́yà bàbá mi gba ìwé náà, ó gbé e sókè bí ẹni mú ohun ẹlẹ́gbin dání. Ó ní, "Madam, ta ló fọwọ́ sí i? Rìsíìtì dà?" Ìyá mi ní, "Ṣé kí n ní kí ọkọ mi já rìsíìtì fún mi ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín nínú kóòtù. Adájọ́ kò gba ìwé náà gbọ́.

Adájọ́ yẹn kò ṣàdédé ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1992, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ilẹ̀ wa dá ẹjọ́ kan tí obìnrin kan pè pé òun náà dá sí kíkọ́ ilé ọkọ òun. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni tiwọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó ní láti ṣàlàyé irú ohun tó dá àti bó ṣe tó, kì í ṣe kó kàn sọ pé òun dá sí i. Láti ìgbà náà ni irú ìbéèrè rìsíìtì yìí ti ń lé àwọn ìyàwó kiri. Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1986, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti gbà nínú ẹjọ́ mìíràn pé obìnrin tó tọ́jú ilé kí ọkàn ọkọ rẹ̀ lè balẹ̀ láti kó ohun-ìní jọ ní ìpín níbẹ̀. Ìdájọ́ méjì tí kò fi ojú kan náà wo ọ̀rọ̀! Ìyàwó á wá dà bí ẹni ta ayò: irú adájọ́ tó bọ́ sí lọ́wọ́ ni yóò sọ bóyá ilé ni yóò gbé jáde tàbí àpótí aṣọ.

Lọ́dún 2000, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ tọkọtaya àgbẹ̀ kan tó ní oko ńláńlá. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ojúsàájú láàrin ẹni tó ń wá owó àti ẹni tó ń tọ́jú ilé, kí adájọ́ sì fi ìpín ọgbọọgba yẹ ìdájọ́ rẹ̀ wò kó tó sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ kọ ọ́ sínú abala 72 pé ohun tí tọkọtaya ní láàrin ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ tí wọ́n pínyà jẹ́ ti àwọn méjèèjì, kí ẹni tó bá sọ pé tòun nìkan ni mú ẹ̀rí wá. Kí rìsíìtì kúrò lọ́rùn ìyàwó. Ogún bàbá ẹni kò sí nínú èyí, ilẹ̀ ẹbí kò sí níbẹ̀, torí kì í ṣe ti ọkọ láti pín. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n jọ kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n díye lé ilé náà lọ́tọ̀ sí ilẹ̀, kí wọ́n san owó fún ẹni tó ń jáde. Mo ti rí ẹbí tó gbàgbé pé ilẹ̀ náà jẹ́ tàwọn fún ogún ọdún, tí wọ́n rántí ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé kóòtù dé.

5. Ohun-ìní ń sá, òfin jókòó

Ibi tí mo ti ń jẹun nìyí, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kì í ṣe ọjọ́ tí ìjà dé ni wọ́n ń gbé ohun-ìní pamọ́. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta ṣáájú ni. Ìpín nínú iléeṣẹ́ á kúrò lórúkọ ọkọ, á bọ́ sí orúkọ àbúrò rẹ̀. Ilẹ̀ á wà pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí wọn ò gbé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, kò ní C of O tí í ṣe ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀, kò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan, àfi nínú àpótí. Gbèsè tí kò sí á ṣàdédé yọ: ọ̀rẹ́ kan á wá sí kóòtù pé òun yá ọkọ lówó, wọ́n á mú ìwé tí yíǹkì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ jáde. Iléeṣẹ́ tó ń pa owó ní ọdún tó kọjá á máa jẹ gbèsè lọ́dún yìí. Mo ti rí ilé aláràńbarà kan tí wọ́n fi orúkọ dírẹ́bà ra, dírẹ́bà náà sì ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Kò mọ̀ pé òun nílé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé irinṣẹ́ tí a lè fi rí gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀. Òfin iléeṣẹ́ tuntun, ti ọdún 2020, ní kí ẹni tó bá ní tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iléeṣẹ́ fi ara rẹ̀ hàn, ibi yòówù kó fi orúkọ pamọ́ sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àjọ CAC, tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ṣí àkọsílẹ̀ náà fún gbogbo ayé láti yẹ̀ wò. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń fún oníbàárà, ti wà láti ọdún 2014, ó so gbogbo àkáǹtì ènìyàn kan pọ̀ mọ́ ara wọn. Nígbà tí àwọn tó ń lé gbájúẹ̀ bá fẹ́ mọ ibi tí owó wà, BVN a máa sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìyàwó ni, wọ́n á ní kó lọ mú orúkọ báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì wá. Bó bá mọ̀ ọ́n, kí ló fẹ́ béèrè?

Ìgboyà tún kù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ oníṣòwò epo rọ̀bì kan, ọmọ Nàìjíríà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí irú ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an nìyẹn. Ilé méje ní London ló wà lórúkọ àwọn iléeṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ní kó kó ìwé wọn wá, kò kó o wá. Adájọ́ àkọ́kọ́ ti ní kó fún ìyàwó ní £17.5 mílíọ̀nù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé òkè, àwọn adájọ́ ní òfin pé iléeṣẹ́ dá dúró lọ́tọ̀ sí ẹni tó ni ín kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé owó ọkọ ni wọ́n fi ra ilé, tí ẹni tó sì mọ òótọ́ kọ̀ láti sọ ọ́, kóòtù lè fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ó kàn ń fi iléeṣẹ́ di ilé náà mú fún ara rẹ̀ ni. Ilé méjèèje bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó.

Àwa náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Abala 167 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní bí ẹnì kan bá ní ẹ̀rí lọ́wọ́ tí kò mú un jáde, adájọ́ lè gbà pé ẹ̀rí náà yóò tako ẹni náà. Ẹ mú un wọnú òfin ìkọ̀sílẹ̀ ní tààràtà. Kí ọkọ àti ìyàwó kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní sílẹ̀ pẹ̀lú ìbúra láàrin ọgbọ̀n ọjọ́: ilé, ilẹ̀, ìpín, àkáǹtì nílé lóko, gbèsè, góòlù, owó fẹ́yìntì. Kí adájọ́ lè pàṣẹ fún báńkì láti fi BVN wá àkáǹtì. Kí ohun tí ẹnì kan bá fi pamọ́ tí ó hàn lẹ́yìn ìdájọ́ di ti ẹnì kejì pátápátá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bàbá mi ti padà wá. Ìwé tí mò ń sọ yìí kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ akọ̀ròyìn. Ajínigbé ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò náà ń wá a. Adájọ́ àti àwọn tó ń ṣẹjọ́ nìkan ni kó rí i, kí ẹ̀wọ̀n sì wà fún ẹni tó bá tú u. Nígbà náà, àwáwí á tán lẹ́nu olówó. Ẹ fún un ní ìbòjú, kí ẹ wá gba òótọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní pààrọ̀. Ẹ̀yà méjì àtúnṣe kan ni, èyí tí ẹ bá mú tí ẹ fi ìkejì sílẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́.

Kí ó sì yé gbogbo wa: bí adájọ́ bá rí owó ìlú nínú ìwé náà, kó fi ránṣẹ́ sí EFCC. Ìdílé ni mo fẹ́ kí ẹ bò, mi ò ní kí ẹ bo olè.

6. Ṣé London ni kí gbogbo wa máa sá lọ?

Tọkọtaya ọmọ Nàìjíríà kan fẹ́ ara wọn fún ọdún méjìdínlógójì, wọ́n bí ọmọ márùn-ún. Ọkọ kọ ìyàwó ní kóòtù Èkó. Kóòtù ní kí ìyàwó máa gbé ilé kan l'Ékòó títí ó fi máa kú, ó sì fún un ní owó ìtọ́jú tó tó bíi £21,000. Ilé méjì wà ní London lórúkọ ọkọ, owó tó wà nínú wọn lé ní ìlàjì mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Nítorí pé ìyàwó ń gbé London, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti ọdún 1984, gbà á láyè láti tún béèrè níbẹ̀. Adájọ́ fún un ní £275,000 pé kó fi ilé Èkó sílẹ̀. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ dá a padà fún un.

Ẹ wò ó bí ẹ bá ka ìyẹn fún ọmọ yín. Ìyàwó ilé kan náà, ọkọ kan náà, ohun-ìní kan náà. Kóòtù wa fún un ní ohun tí adájọ́ òkèèrè wò tó rí i pé kò tó nǹkan. Mi ò bú àwọn adájọ́ wa, òfin tí ẹ fún wọn ni wọ́n ń lò. Ìyá mi kò ní ẹ̀tọ́ ìbùgbé ní London. Ilé London wa wà lórúkọ iléeṣẹ́ kan, obìnrin tí owó léèsì rẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì tírélà sì ń gba owó oúnjẹ lóṣooṣù.

7. Fún ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ olówó nìyí

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nínú yín. Wọ́n ní ebi ń pa ará ìlú, kí ni ti ìkọ̀sílẹ̀ àwọn tó ní tírélà? Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ bàbá mi pa fún oṣù mọ́kànlá nítorí ẹjọ́, àwọn dírẹ́bà, àwọn ọmọ iṣẹ́ ilé epo àti àwọn mẹkáníìkì ni kò rí owó oṣù gbà. Bàbá kan tó ń ṣọ́ gẹ́ètì fún wa yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé. Òfin kan náà sì ni ti oníléeṣẹ́ àti ti tíṣà tó ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan. Ìyàwó tíṣà náà ń gbọ́ "rìsíìtì dà?"

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ tọkọtaya tó jọ bímọ gbọ́dọ̀ jókòó sídìí tábìlì kan náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ. Èmi ṣègbéyàwó lọ́dún 2010. Bàbá mi jókòó lápá ọ̀tún, ìyá mi jókòó lápá òsì, wọn ò wo ojú ara wọn. Kì í ṣe pé wọ́n kọra wọn sílẹ̀ ló bí ìyẹn. Ohun tí wọ́n ti fi etí ara wọn gbọ́ ní gbangba ni.

8. Ohun tí mò ń retí

Mo ti kọ àwọn ohun tí mo fẹ́ sábẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan, mi ò ní tún wọn sọ. Èyí tó kù ni pé kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin nílé méjèèjì pe ìjókòó ìtagbangba kí ọdún yìí tó parí, kí wọ́n pe àwọn lọ́yà, àwọn adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn báńkì, àti àwọn ìyàwó àti ọkọ tó ti gba ibẹ̀ kọjá. Kí wọ́n gbọ́ ẹ̀rí àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Mi ò fi orúkọ mi sí lẹ́tà yìí níta, torí ìyá mi ṣì wà láyé, ó sì bẹ̀ mí. Orúkọ mi àti àdírẹ́sì mi wà nínú ẹ̀dà tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pè mí, màá mú ìwé ẹ̀yìn pupa yẹn dání, màá ṣí i sí ọdún 1983.

Èmi ni tiyín tòótọ́,

Ọmọ oníléèsì Balógun